Ẹ Ṣí Ìwé Ìsàmì

Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi, láti Èrúwà dé Ìgàngàn, láti Lánlátẹ̀ dé Táápá, ọ̀rọ̀ ìwé kan ni mo bá wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Igbó-Ọrà, mo ṣí ìwé tí a ń kọ orúkọ ọmọ tí a ṣe ìsàmì fún sí. Aáyán ti jẹ etí rẹ̀, tàdáwà rẹ̀ sì ti ń ṣá. Mo fi ìka tọ ojú ìwé kan láti òkè délẹ̀: Táyé, Kẹ́hìndé, Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú kan láàárín, Táyé, Kẹ́hìndé. Ta ni yóò yà lẹ́nu? Dókítà Nylander láti Yunifásítì Ìbàdàn ti kà á rí: nínú 1000 ìbímọ nílùú wa, 45 sí 50 ló jẹ́ ìbejì. Láti 2018 la sì ti ń ṣe àjọ̀dún wọn, tí àlejò ń wá ya fọ́tò.

Àwọn tí a kọ orúkọ wọn ní ọdún 15 sẹ́yìn wá dà?

Mo mọ ọ̀kan. Ọ̀kadà ló ń gùn lẹ́bàá ọjà. Nígbà tó rí mi, ó bọ fìlà, ó ní, “Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá ìjọ.” Èkejì rẹ̀ wà nílé ìwé. Ìyá wọn ń sá láfún tà, owó láfún kò sì lè san owó WAEC èèyàn méjì. Bàbá wọn wà ní Èkó, orí fóònù ni wọ́n ti ń gbóhùn rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsàmì wọn, gbogbo wa la dìde tí a jẹ́jẹ̀ẹ́ pé a ó bá òbí wọn tọ́ wọn. Èmi wà níbẹ̀. Mo jẹ ìrẹsì.

A ti rí bí lílọ bá èèyàn nílé ṣe ń ṣiṣẹ́ rí. Àwa àgbà rántí sòbìà ní Ìdèrè. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kòkòrò funfun gígùn á máa yọ lẹ́sẹ̀ àgbẹ̀, oko á sì dá páropáro. Láti 1963 làwọn dókítà yunifásítì ti wà ní Igbó-Ọrà, ṣùgbọ́n kò tó kí wọ́n jókòó sí ilé ìwòsàn. Àwọn ará abúlé tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ìlera ló ń wọ agboolé dé agboolé, tí wọ́n ń fi han àwọn ìyá bí a ṣe ń fi aṣọ sẹ́ omi odò. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Àwa ìjọ ńkọ́? Gbohùngbohùn la fi ń pe ẹni tí a lè fẹsẹ̀ rìn lọ bá. Mi ò kẹ́gàn ìsọjí o. Èyí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní 1930 ṣì ń so èso. Ṣùgbọ́n ta ló ń tẹ̀ lé ẹni tó sunkún níwájú pẹpẹ dé ilé?

Nítorí náà, Àńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi, Àpọ́sítélì, Kátólíìkì, ní ìlú méjèèje Ìbàràpá: ẹ ṣí ìwé yín. Ẹ ṣa orúkọ àwọn tó ti tó ọdún 12 sí 20. Kí èèyàn méjì méjì lọ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àgbẹ̀ bá ti dé láti oko. Ẹ má na Bíbélì síwájú bí ọlọ́pàá tó mú ìwé àṣẹ dání. Ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ jẹ àmàlà láfún bí wọ́n bá fi lọ̀ yín, kí ẹ tó béèrè ọmọ. Bí bàbá bá wà nílé, ẹ bá a sọ̀rọ̀ àdúrà alẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí gbogbo ilé yóò fi gbọ́hùn ara wọn. Bí kò bá sí, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ ó dé ilé tí Táyé ń lọ mọ́ṣáláṣí tí Kẹ́hìndé ń wá ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbàràpá la wà. Ẹ má fo Táyé nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wa.

Owó ńkọ́? Ìkórè ń bọ̀. Kí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ sí owó WAEC, àti irinṣẹ́ ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Páànù tuntun lè dúró dọdún tó ń bọ̀, òjò kò tíì rọ̀ sí wa lórí. (Aṣọ ẹgbẹ́ náà lè dúró. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú sí mi.)

Ìbẹ̀wò tiwa ní Igbó-Ọrà yóò bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, láti Ìsàlẹ̀-Ọba lọ sí Ìbẹ̀rẹ̀kòdó. Ẹ mú bírò àti tọ́ọ̀ṣì dání. Ibùdó ọ̀kadà ni èmi yóò kọ́kọ́ yà.