Òdòdó Tí Ọlọ́pàá Ń Ṣọ́

Ní ọdún 2010, àwọn ọlọ́pàá Lancashire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í yíde kiri pápá gọ́ọ̀fù kan ní Silverdale. Wọn ò ṣọ́ olówó, wọn ò ṣọ́ ife ẹ̀yẹ. Òdòdó ni wọ́n ń ṣọ́. Olè ti gé lára rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ náà pa ni lẹ́rìn-ín, àfi béèyàn bá mọ ìdí rẹ̀. Ọ́kíìdì kan ni, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sálúbàtà obìnrin nítorí àpò aláwọ̀ ìyeyè tó yọ síwájú lára rẹ̀. Igbó orí òkúta ẹfun ní àríwá ilẹ̀ náà ló ń hù sí. Ẹwà rẹ̀ ló kó bá a: láyé Ọbabìnrin Victoria, wọ́n ń wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n ń tà á lọ́jà, àwọn ọlọ́rọ̀ sì ń gbìn ín sọ́gbà. Nígbà tó di 1917, wọ́n ní ó ti tán nínú igbó. Ní 1930 ni wọ́n tún rí ẹyọ kan ṣoṣo ní Yorkshire.

Wọ́n fi ibẹ̀ ṣe àṣírí. Nígbà tó bá ń tanná, àwọn ẹ̀ṣọ́ á pàgọ́ tì í. Wọ́n ṣeun, ṣùgbọ́n àṣírí dáàbò bo ẹyọ kan ni. Kò sọ ọ́ di méjì.

Kò rọrùn fún un láti bí sí i. Kò sóúnjẹ nínú àpò òdòdó yìí fún kòkòrò. Oyin á já sí i, ara àpò á máa yọ̀, kò ní lè gba ibi tó gbà wọlé jáde. Ihò tóóró méjì ló wà lẹ́yìn. Bó ṣe ń fún ara rẹ̀ gba ibẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó á lẹ̀ mọ́ ọn, tí yóò sì gbé e lọ bá òdòdó mìíràn. Ti Yorkshire kò ní ẹnìkejì. Kóró rẹ̀ pàápàá kéré bí eruku, kò gbé oúnjẹ dání, irú olú kan nínú ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bọ́ ọ.

Iṣẹ́ tí ọgbà ewéko Kew ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ ní 1983 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Inú ìgò ni wọ́n ti mú kóró rẹ̀ hù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà sígbó ní 1989. Ọdún 2000 ni àkọ́kọ́ nínú wọn tanná.

Àwọn kan lè sọ pé ọmọ inú ìgò kì í ṣe ọmọ igbó. Ọmọ ta wá ni? Ara ti Yorkshire ni wọ́n ti mú kóró, àti ara àwọn tí wọ́n ti wú lọ sọ́gbà láyé àtijọ́. Ẹrù olè náà wúlò níkẹyìn!

Ní Gait Barrows, igbó kan tí wọ́n ń dáàbò bò ní Lancashire, ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó láti ìparí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà. Irú ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi kún, dípò àṣírí mìíràn. Ẹni tó bá sì ń fẹ́ tirẹ̀ sílé, kó lọ ra irú rẹ̀ tí àwọn olùgbìn òdòdó fọwọ́ ara wọn gbìn, kó fi ti inú igbó sílẹ̀.