Abẹ́rẹ́ Nìkan Kò Lè Wo Èjìká Wa Sàn



Ọ̀rọ̀ èjìká ni a gbé dé lónìí. Nínú ẹ̀ka wa yìí, ẹ mú ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá nídìí ẹrù tàbí nídìí stíárìn tírélà, kí ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kó sì fi wọ́n kan ẹ̀yìn ọrùn. Ọ̀pọ̀ yóò kàn rẹ́rìn-ín ni. Àwọn kan kò lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn mọ́. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìyàwó ló ń bá wọn ki ọwọ́ bọ apá ẹ̀wù láàárọ̀, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Kí ni wọ́n ń ṣe fún wa sí i? Abẹ́rẹ́ ni. A rí i lára arákùnrin wa kan tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀. Láàárọ̀, kílíníìkì ilé-iṣẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ sí oríkèé èjìká. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ti padà sídìí àpò sìmẹ́ńtì. Kílò 50 ni àpò kan, ẹ sì mọ iye tí à ń gbé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìrora lọ, gbogbo wa bá a yọ̀. Kò ju oṣù méjì lọ tó fi padà dé, wọ́n tún gún un. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ohun tí yóò máa fi ọwọ́ náà ṣe, kò sí ẹni tó ní kó fi ẹrù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà eegun, iṣan èjìká ti já. A kò lè búra pé abẹ́rẹ́ ló já a. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìrora ì bá ti kìlọ̀ fún un, wọ́n sì ti pa ìrora náà lẹ́nu mọ́ kó lè máa gbé ẹrù lọ.

Kí a má ṣi ara wa lọ́nà: abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe oògùn burúkú. Steroid ni àwọn dókítà ń pè é, wọ́n sì sábà máa ń po oògùn tó ń mú ara kú mọ́ ọn. Èyí tó ń mú ara kú ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì ń tán láàárín wákàtí díẹ̀. Steroid ní tirẹ̀ máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó mú, a sì máa mú ìrora rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò lè fún iṣan lágbára. Bí a bá ń gún un léraléra sójú kan, ó tilẹ̀ lè sọ iṣan di ahẹrẹpẹ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ kó ju ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n tó gún un, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ga fún ọjọ́ díẹ̀. Àwọn alátọ̀gbẹ yìí náà sì ni èjìká gbígan máa ń bá jà jù.

Ibi tí físíò ti wọlé nìyí. Àwọn tó ń fi ìdárayá àti ìfọwọ́tọ́ tún oríkèé àti iṣan ṣe ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èjìká bá ń dunni, a ó ká ọwọ́ mọ́ra, oríkèé á máa gan, iṣan á máa rù. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí abẹ́rẹ́ mú ìrora rọlẹ̀ yẹn ló yẹ kí a fi tú u. Físíò á ní kí o fi ọwọ́ kan ti tábìlì, kí o tẹ̀ síwájú, kí èyí tó ń dùn máa fì bí ohun tí a so kọ́. Á ní kí o máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀. Bó bá yá, á fún ọ ní rọ́bà fífà kí iṣan lè padà lágbára. Tíúbù táyà tó ti gbó ṣe é gé lò.

Àwọn dókítà ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní Kánádà, ìwádìí tó jáde ní 2003 lórí ènìyàn 93 tí èjìká wọn gan fi hàn pé abẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú ìdárayá nílé ṣe wọ́n láǹfààní, àti pé àwọn tó tún rí físíò ni ọwọ́ wọn tètè nà jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2010, wọ́n fi ènìyàn 232 wò ó: àwọn tó gba abẹ́rẹ́ mọ́ ìdárayá gbádùn ju àwọn tó ṣe ìdárayá nìkan lọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ọ̀gbọọgba ni wọ́n. Èyí tó jáde níbẹ̀ ní 2021, lórí ènìyàn 708, ló dùn mọ́ wa jù. Àwọn tí físíò jókòó kọ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń ṣe é nílé, kò kẹ́yìn àwọn tó lọ títí dé ẹ̀ẹ̀mẹfà. Abẹ́rẹ́ ran ni lọ́wọ́ díẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ; nígbà tí ọdún yípo, kò fi ohunkóhun ju ara wọn lọ.

Nítorí náà, kí ọ̀gá kankan má sọ fún wa pé owó físíò yóò wọ́n jù. Ìjókòó kan tó péye, ìwé ìdárayá lọ́wọ́, àti iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni a ń bèèrè. Ti iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n máa ń fojú fò.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. A fẹ́ràn abẹ́rẹ́ jù; bí dókítà kò bá gún wa, a ó ní kò mọ iṣẹ́. Àwọn kan sì ń bèèrè pé ẹni tó ń gbé àpò látàárọ̀ dalẹ́, ìdárayá wo ló tún kù fún un? Ẹ̀yin ará, ẹrù gbígbé ń lo iṣan kan náà ní ọ̀nà kan náà títí á fi rẹ̀ ẹ́. Èyí tí kò rí iṣẹ́ ṣe ni físíò ń wá.

Òfin wà lẹ́yìn wa dé ìwọ̀n kan. Lábẹ́ Òfin Owó Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti 2010, kọ́bọ̀ kan lórí náírà kọ̀ọ̀kan owó oṣù òṣìṣẹ́ ni agbanisíṣẹ́ ń san sí àpò NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó wa. Láàárín ọjọ́ 14 ni ẹni tí iṣẹ́ bá pa lára gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá. Láàárín ọjọ́ 7 ni ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí. Ẹni tó bá fi ìpara gbígbóná ra èjìká fún oṣù mẹ́fà láìsọ fún ẹnikẹ́ni ti bá ara rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kásúà, àti àwọn awakọ̀ wa tó ń gba owó lórí ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Bí ọkọ̀ kò bá jáde, ebi ni. Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gba abẹ́rẹ́, yóò sì gun ọkọ̀, a kò sì lè dá a lẹ́bi.

Nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, a ó béèrè pé kí kílíníìkì má gún èjìká ẹnikẹ́ni mọ́ láìfi ìwé físíò lé e lọ́wọ́, kí ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ má ṣe dín owó oṣù kù, kí wọ́n sì ka àwọn kásúà àti àwọn awakọ̀ onírìnàjò mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti gún ní èjìká mú káàdì kílíníìkì rẹ̀ wá fún akọ̀wé ẹ̀ka kí ọjọ́ náà tó pé, ì báà ṣe kásúà. Wọn yóò ní kò sí irú rẹ̀ láàárín wa. Káàdì yín ni a ó kó síwájú wọn.