Iṣẹ́ Ọwọ́ Nínú Ilé: Kápò fún Gìtá Tí A Ń Tẹ́ Sórí Itan

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kéré ní ojú, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó kù kí ó ba ohun kan jẹ́ nínú ilé mi tí owó kò lè rà padà. Ọ̀rọ̀ kápò ni, èyí tí í ṣe ìdè kékeré tí àwọn tí ń ta gìtá máa ń fi há okùn rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ lè gòkè bá ohùn ẹni tí ń kọrin. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní irú gìtá tí èmi yóò ṣàpèjúwe, kí ó má baà ṣe àṣìṣe tí mo ṣe.

Àbúrò mi ọkùnrin gbé ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Nínú ẹrù rẹ̀ tí a kó wá sílé ni gìtá kan wà, irú èyí tí a ń pè ní resonator. Ọrùn rẹ̀ nípọn, ó sì ní igun mẹ́rin. A kì í gbé e mọ́ àyà, orí itan ni a ń tẹ́ ẹ sí, kí okùn rẹ̀ kọjú sí òkè. Ọmọbìnrin olóògbé náà, ẹni ọdún 14 tí ń gbé lọ́dọ̀ mi, ti kọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí ó ku oṣù kan kí ọdún pé tí bàbá rẹ̀ ti lọ, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọ orin tí bàbá mi fẹ́ràn ní ọjọ́ ìrántí wọn. Ṣùgbọ́n gìtá yìí wà nísàlẹ̀, ohùn mi sì wà lókè." Mo ní kí ó fi ọ̀rọ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, n kò mọ bí iṣẹ́ náà ti tó.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ohun èlò yìí ti wá. Joseph Kekuku, ọmọ erékùṣù Hawaii tí a bí ní ọdún 1874, ni a sábà ń pè ní olùpilẹ̀ṣẹ̀ àṣà fífi irin ta gìtá. Kàkà kí ó máa fi ìka tẹ okùn mọ́ igi, ó mú ọ̀pá irin kékeré tí ń dán, ó ń yọ́ ọ lọ yọ́ ọ bọ̀ lórí okùn, ohùn gìtá sì ń gòkè ó ń sọ̀kalẹ̀ láìjá, gẹ́gẹ́ bí ohùn gángan nígbà tí onílù bá ń fún ọṣán rẹ̀. Ní ọdún 1927, gìtá tí John Dopyera, ọmọ ilẹ̀ Slovakia tí ó wà ní Los Angeles, ṣe fún ilé-iṣẹ́ National jáde. Ó fi àwo aluminíọ̀mù tínrín mẹ́ta sí inú rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè ròkè láàrin fèrè àti ìlù, nítorí gìtá oníná kò tíì dé ọjà nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ Dobro sílẹ̀, gìtá tiwọn sì ní àwo kan ṣoṣo. Orúkọ náà ń tọ́ka sí àwọn arákùnrin Dopyera, ó sì tún túmọ̀ sí "dára" ní èdè ìlú wọn.

Àwa náà kì í ṣe àjèjì sí ohùn irin yìí. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ àwo orin Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní ọdún 1982 ti gbọ́ ọ lọ́wọ́ Dẹmọ́lá Adépọ̀jù. Ṣùgbọ́n irú gìtá ti àwọn wọnnì ní ìtẹ̀sẹ̀ tí ń yí ohùn okùn padà. Tiwa kò ní.

Okùn gìtá tiwa jẹ́ mẹ́fà. Láti orí èyí tí ó nípọn jù lọ dé orí èyí tí ó tín-ín-rín jù lọ, ohùn wọn ni G, B, D, G, B, D. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin yóò mọ̀ pé èyí ni do, mi, so, do, mi, so, nígbà tí do bá jẹ́ G. Ohùn ọmọ wa sì ń fẹ́ kí do jẹ́ A. Ẹnìkan lè wí pé, "Kí ó gbé irin rẹ̀ sí ìlà kejì, A ni yóò dún." Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n irin náà tọ́ gbọnrangandan, kò lè ká bí ìka, nítorí náà púpọ̀ nínú adùn gìtá yìí wà nínú àwọn okùn òfìfo tí ń dún lọ nígbà tí irin bá gbéra. Bí do bá ti kúrò ní okùn òfìfo, adùn náà ti lọ. Kápò ni ó lè dá a padà.

Èrò mi àkọ́kọ́ ni pé kí n fún gbogbo okùn le títí wọn yóò fi di A. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ni ó dá mi dúró. Ó fi hàn mí pé láti G dé A, ìfà okùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 26 nínú 100 pọ̀ sí i. Apá kan nínú ìfà yìí ni ó ń tẹ àwo aluminíọ̀mù nì mọ́lẹ̀. Bí àwo náà bá wó, níbo ni èmi yóò ti rí òmíràn?

Mo wá ra kápò ní ọjà. Ọrùn gìtá tí a ṣe é fún rí roboto, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Kò lè gba tiwa rárá. Nígbà náà ni mo fi pẹ́ńsù dábùú okùn, mo sì fi rọ́bà dè é mọ́ ọrùn gìtá pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ẹ rántí pé okùn gìtá yìí ga sókè kúrò lára igi ní nǹkan bí 10 mìlímítà, kí irin má baà kan igi. Bí mo ti ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ohùn olúkúlùkù sì ń gòkè kọjá ipò rẹ̀, ọ̀kan kò bá èkejì mu. Lójijì, okùn tí ó tín-ín-rín jù lọ já, ó sì fà mí ya lẹ́rẹ̀kẹ́, lábẹ́ ojú gan-an. Ọmọ náà kígbe. Mo jókòó, ojú sì tì mí, nítorí àwọn àgbà ti wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ní ọjọ́ kejì ni mo tó wo ohun tí ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ wò. Lára gìtá tí a ń gbé mọ́ àyà, kápò a máa tẹ okùn mọ́ ìlà irin tí ó wà lára ọrùn, ìlà náà ni ó sì ń pinnu ohùn. Lára tiwa, àwọn ìlà náà wà fún ojú nìkan. Okùn kì í kàn wọ́n láé. Ohun tí ń pinnu ohùn ni irin tí ó gùn orí okùn. Nítorí náà, kápò wa kò gbọdọ̀ ti okùn sísàlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbé e sókè. Ó gbọdọ̀ di okùn mú ní ibi tí ó gbé wà, láàrin ọ̀pá méjì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ti ń di irin mú.

A mú rúlà, a wọn gbogbo nǹkan. Láti okùn kìíní dé ìkẹfà jẹ́ 48 mìlímítà. Àlàfo tí ó wà láàrin okùn kẹta àti ìkẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9. Láti abẹ́ okùn tí ó nípọn jù lọ dé ara igi jẹ́ 9 pẹ̀lú. Mo kó ìwọ̀n wọ̀nyí lọ bá alágbẹ̀dẹ idẹ kan, ó sì gé ọ̀pá idẹ méjì fún mi, olúkúlùkù gùn ní 58 mìlímítà.

Ọ̀pá òkè fẹ̀ ní 8, ó sì ga ní 10, kí ó má baà tẹ̀. A yún ikùn rẹ̀ kí ó rí roboto bí ẹ̀yìn irin tí ọmọ náà fi ń ta gìtá. Bí ó bá pẹlẹbẹ, okùn yóò máa gbọ̀n lára rẹ̀, yóò sì máa kùn bí oyin. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ fẹ̀ ní 7, ó sì nípọn ní 5. A lu ihò sí àárín àwọn méjèèjì, a ti bóòtù 3 mìlímítà gba inú ọ̀pá ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, a ri orí rẹ̀ sínú idẹ, a sì fi òjé jó o mọ́ ọn kí ó má lè yí. Nọ́ọ̀tì elétí méjì ni yóò fún un lókè, kí ìka ọmọdé lè tú u. Lórí ọ̀pá ìsàlẹ̀ ni a fi gọ́ọ̀mù lẹ awọ bàtà rírọ̀ tí ó nípọn ní 2 mìlímítà, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Bí a ti ń fi í sí i nìyí. A ó dá ọ̀pá ìsàlẹ̀ bú, kí ó dọ́gba pẹ̀lú okùn. A ó rọra bọ̀ ọ́ gba àárín okùn kẹta àti ìkẹrin. Lẹ́yìn náà ni a ó yí i kí ó dábùú lábẹ́ gbogbo okùn. Bóòtù yóò dúró sókè láàrin okùn méjì náà, a ó sì fi ọ̀pá òkè bò ó.

A dè é, ọmọ náà sì fi ìka kan okùn. Mẹ́ta tí ó nípọn dún gbangba, ṣùgbọ́n àwọn tí ó tín-ín-rín ń kùn, ọ̀kan kò tilẹ̀ dún rárá. Ọ̀pá méjèèjì ti gbà sí apá kan bí òṣùwọ̀n tí a kó ẹrù sí agbọ̀n kan nínú méjì. Mo fún nọ́ọ̀tì sí i, kò tún un ṣe. Ẹ̀kọ́ ti àná wá sí ọkàn mi, mo fi agbára sílẹ̀, mo sì mú ìwé.

Okùn tí ó tín-ín-rín jù lọ nípọn ní 0.4 mìlímítà, èyí tí ó nípọn jù lọ jẹ́ 1.4. Nítorí irin tí ó tọ́ ni a fi ń ta gìtá yìí, a ti gbẹ́ agbókùnró rẹ̀, èyí tí okùn gbára lé lẹ́bàá orí gìtá, kí ẹ̀yìn gbogbo okùn lè dọ́gba. Bí ẹ̀yìn wọn bá dọ́gba, ó dájú pé ikùn wọn kò lè dọ́gba. Ti okùn ńlá fi 1 mìlímítà rẹlẹ̀ ju ti kékeré lọ. Bí a sì ti ń lọ láti okùn kan dé èkejì, ìyàtọ̀ náà ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí ọ̀pá ìsàlẹ̀ tẹ́jú. A ṣí awọ kúrò, a fi fáìlì yún ojú ọ̀pá náà ní ìdagẹ̀rẹ̀: 5 mìlímítà ní ìhà okùn kékeré, 4 ní ìhà okùn ńlá. A dá awọ padà kí ó lè tán ìyàtọ̀ kékeré tí ó kù. Nígbà tí a tún dè é, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dún bí ẹni pé ara gìtá ni a ti bí kápò náà.

Ó kù kí a mọ ibi tí yóò dúró. Bí ó ti jẹ́ pé kápò fúnra rẹ̀ ni ó ń pinnu ohùn, ikùn ọ̀pá òkè gbọ́dọ̀ wà lókè ìlà kejì gan-an, kí ó má sì wọ́ sí apá kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ okùn ńlá àti okùn kékeré yóò máa jiyàn. Bí ìlà gìtá yín bá ti parẹ́, ìṣirò kò nira. Okùn tiwa gùn ní 635 mìlímítà láti agbókùnró dé ibi tí ó gbára lé lórí àwo. Ẹ pín in sí 17.817, ìlà kìíní yóò jẹ́ 35.6. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ pín èyí tí ó kù bákan náà, ẹ ó rí 33.6. Ẹ pa méjèèjì pọ̀: ìlà kejì fi díẹ̀ ju 69 lọ. Fún ìdánwò, ẹ gbé irin sí ìlà kẹrìnlá. Ohùn okùn òfìfo kan náà ni ó gbọ́dọ̀ dún, ní ipele òkè.

Gìtá onírin míràn tí kò ní ìtẹ̀sẹ̀ lè lo irú kápò yìí, ṣùgbọ́n ẹ wọn tiyín, ẹ má ṣe lo ìwọ̀n tiwa. Ẹ tú u kúrò nígbà tí orin bá parí. Nígbà tí ẹ bá sì ń dán an wò, ẹ má ṣe tẹ ojú yín sún mọ́ okùn. Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Ní ọjọ́ ìrántí náà, ọmọ wa jókòó, ó tẹ́ gìtá sórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ de kápò, ó sì kọ orin bàbá rẹ̀ ní ohùn tirẹ̀, kò fi ọ̀fun wá a. Ìyá wa àgbà, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, béèrè pé ta ni ó ń ta gìtá àbúrò mi. A ní, "Ọmọ rẹ̀ ni, Ìyá." Ó ní kí ó tún un ta.