Bàbá Wolé-wolé Ti Lọ, Ìwé Wọn Ńkọ́?

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú làá dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Òwe yìí ló wá sí wa lọ́kàn lọ́jọ́ tí a sin ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí gbogbo ọjà Agbálátà ní Badagry mọ̀ sí Bàbá Wolé-wolé.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Nígbà tí wọ́n wà láyé, mélòó nínú wa ló ń dunnú láti rí wọn? Bí wọ́n bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ẹlẹ́ran á sáré fi ọ̀rá bo ẹran, ẹlẹ́ja á máa lé eṣinṣin, ẹni tí gọ́tà iwájú rẹ̀ dí á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ́ kiri. A ní wọ́n le jù, a ní wọn kì í mojú èèyàn. Òótọ́ ni, wọn kì í mojú èèyàn. Ìyàwó wọn ń ta gàrí nínú ọjà kan náà. Lọ́jọ́ tí ìdọ̀tí wà níwájú ìsọ̀ ìyá, Bàbá kọ ìwé ìtanràn fún ìyá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Ìyá sanwó, wọ́n sì tún gbé oúnjẹ fún ọkọ wọn lálẹ́. Ọdún 31 ni Bàbá fi ṣe iṣẹ́ yìí láàárín Ẹ̀gùn àti Yorùbá, a ò sì gbọ́ ọ rí pé wọ́n gba ẹja lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó kọjá.

Àwọn àgbà inú wa rántí ìgbà tí wolé-wolé ń wọlé dé ìdí àmù, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tanwíji wà nínú omi. Ẹ má sọ pé ayé ti kọjá ibẹ̀. Ní ọdún 2024, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó yìí, ó sì pa èèyàn. Omi ẹlẹ́gbin àti oúnjẹ tí eṣinṣin bà lé ló ń gbé e kiri. Ẹni tó bá ń dènà irú àrùn bẹ́ẹ̀ kì í gba ọpẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó lè ka iye àìsàn tí kò ṣẹlẹ̀.

Nílé ńkọ́? Bí iṣẹ́ bá ti parí, Bàbá ti gbọ̀nà ilé. Kò sí ilé ọtí lọ́nà tiwọn. Ọmọ kan níwájú kẹ̀kẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé wọn lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀. Owó oṣù wọn ò tó nǹkan. Àwa mọ̀, torí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń yá owó ilé-ìwé lọ́dọọdún, wọ́n sì ń san án tán kí ọdún tó yí po. A ò ránṣẹ́ pe oníduró wọn rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá wà nìyí. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n kú sí, ó ku ọdún mẹ́rin kí wọ́n pé 60 tí wọn ì bá fẹ̀yìntì. Nígbà tí ìyá lọ béèrè ẹ̀tọ́ ọkọ wọn, akọ̀wé ọ́fíìsì ṣí fáìlì. Níbi tí a ti ń kọ orúkọ ìbátan tó súnmọ́ni jù, orúkọ ìyá tó bí Bàbá ló wà níbẹ̀, ìyá tó ti kú tipẹ́! Ọdún tí Bàbá wọṣẹ́, kí wọ́n tó gbéyàwó, ni wọ́n kọ ọ́. Wọn ò ṣí i wò mọ́. Láti ìgbà náà, wá lónìí, wá lọ́la ni. Wọ́n ní kí ìyá lọ gba ìwé àṣẹ láti kóòtù. Owó ọkọ̀ àti owó lọ́yà ti ń jẹ èrè gàrí.

Ó dùn wá. Àwa náà ṣí ìwé ẹgbẹ́ wa, ká lè bú ẹlòmíràn dáadáa. Orúkọ ìyá kan náà la bá níbẹ̀! Ẹni tó ń yẹ gọ́tà gbogbo ọjà wò kò yẹ ìwé ara rẹ̀ wò, àwa tí ìwé wà lọ́wọ́ wa ò sì bi wọ́n. Ẹ̀bi tiwa wà níbẹ̀.

Owó ò sì ṣàìsí nínú òfin. Òfin owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa fi ó kéré tán náírà 8 pamọ́ nínú 100 owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ fi 10 kún un. Ó tún ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe ìbánigbófò ẹ̀mí fún un, tí kò ní dín sí owó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tirẹ̀ láti 2007. Ṣùgbọ́n ìwé ló ń gbé owó dé ọwọ́ opó. Ẹ má sì gbàgbé pé orúkọ ìbátan lórí fọ́ọ̀mù kì í ṣe ìwé ìhágún. Ẹni tó bá nílé tàbí ilẹ̀, kó lọ ṣe ìwé ìhágún tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Èrò wa rèé. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù wá wo orúkọ tó kọ sínú ìwé ẹgbẹ́, ọlọ́jà àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Kí ẹni tó ń gba owó oṣù tún lọ wo fáìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́. Kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì máa bá ìyá lọ sí kóòtù, kí wọ́n má dá nìkan jókòó níbẹ̀. Ní ti aṣọ ẹbí tí àwọn kan ti ń dá lábàá fún ọdún òkú, ẹ jẹ́ ká fi owó rẹ̀ san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. A ò ní kí a má bu ọlá fún òkú. Ṣùgbọ́n òkú ò mọ iye tí a ra agọ̀, ọmọ tí wọ́n bá lé nílé-ìwé sì mọ ẹni tó ràn án lọ́wọ́.

Bàbá Wolé-wolé, ẹ sùn re o. Gọ́tà iwájú ilé ẹgbẹ́ mọ́ lónìí. A óò rí i pé ìwé wa náà mọ́.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́