Kí Ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Di Ọmọ Ìyá, Kí Ó Má Di Alágbe

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ó yẹ kí òwe yìí wà lọ́kàn gbogbo ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wọn ń fẹ́ láti bá ẹ̀ka mìíràn ní ilẹ̀ òkèèrè di ọmọ ìyá. Ètò rere ni. Ẹ̀ka Ìjẹ̀bú-Òde lè yan ẹ̀ka kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n máa kọ̀wé síra wọn, kí wọ́n máa bẹ ara wọn wò, kí wọ́n sì jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ka ilé bá ń wo ti òkèèrè bí ẹni tí yóò kàn máa fi owó ránṣẹ́, ètò náà ti bàjẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ètò yìí kì í ṣe tuntun nínú Ìsìláàmù. Lẹ́yìn tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà ní ọdún 622, ó so àwọn tí wọ́n ṣí wá pọ̀ mọ́ àwọn onílé tí wọ́n ń pè ní Ansar, èyí ni àwọn olùrànlọ́wọ́, ní méjì-méjì bí ọmọ ìyá. Abdur-Rahman ọmọ Awf ni ó bọ́ sọ́dọ̀ Sa'd ọmọ Rabi'. Sa'd jẹ́ ọlọ́rọ̀. Ó ní kí àwọn pín ọrọ̀ òun sí méjì ọgbọọgba. Abdur-Rahman ṣàdúrà fún un, ó sì ní kí ó fi ọ̀nà ọjà han òun. Ó lọ, ó ń ta wàràkàṣì àti bọ́tà, kò sì pẹ́ tí ó fi dá dúró fúnra rẹ̀. Ọ̀kan kò ṣahun, èkejì kò ṣagbe.

Àwọn ìlú òyìnbó náà mọ irú okùn yìí. Bọ́m̀bù ba Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ní ọdún 1940. Nígbà tí ogun tún wó Stalingrad ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà palẹ̀, àwọn obìnrin Coventry tí wọ́n lé ní 800 fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ wọn sára aṣọ tábìlì kan, wọ́n dá owó, wọ́n sì fi ránṣẹ́. Ìlú méjèèjì di ọmọ ìyá ní ọdún 1944. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, nítorí ogun Ukraine, ìgbìmọ̀ ìlú Coventry dá àjọṣe náà dúró. Okùn tí ó wà lọ́wọ́ aláṣẹ, aláṣẹ lè tú u. Nítorí náà, kí àjọṣe ẹ̀ka má mọ sọ́wọ́ alága àti akọ̀wé nìkan. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ ẹnìkejì rẹ̀ ní orúkọ.

Kí ni ẹ̀ka ilé ní tí yóò gbé kalẹ̀? Ó ní èdè Yorùbá, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù kò gbọ́ dáadáa. Ó ní ilé kéwú àti àwọn àfáà tí ń fi Yorùbá túmọ̀ Kùránì. Ẹ̀ka òkèèrè ní ìwé, ó ní iṣẹ́ ọwọ́, ó sì mọ bí Mùsùlùmí ti ń gbé láàárín àwọn tí wọ́n pọ̀ jù ú lọ.

Kì í sì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni òkèèrè. Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, kò jìnnà sí Àgbádárìgì. Mùsùlùmí tí ń sọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Faransé ni àwọn ọ̀dọ́ wọn fi ń kàwé, Gẹ̀ẹ́sì ni ti ìhín. Yorùbá ni yóò so wọ́n pọ̀, ọkọ̀ ilẹ̀ sì tó gbé wọn.

Kí ẹ̀ka méjèèjì kọ àdéhùn wọn sílẹ̀. Kí wọ́n yan iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́dún, kí wọ́n sì ka ìṣirò owó rẹ̀ sétí ìpàdé níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó bá gba ìwé ìkésíni, kí ó lọ, kí ó sì padà. Ẹni tí ó bá fi sá lọ ti sé ọ̀nà mọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kí Ọlọ́run Ọba fi ìfẹ́ so ọkàn àwọn ọ̀dọ́ pọ̀, kí Ó sì fún wọn ní ọwọ́ tí ń fúnni. Àmín.