Fìtílà Inú Yàrá Ìdánwò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ràn láti máa sọ ní gbogbo ilé-ìwé ìjọ wa, láti Oǹdó títí dé Àkúrẹ́, pé ìmọ́lẹ̀ ayé ni wá. A ń kọ ọ́ sára ògiri, a ń kọ ọ́ lórin ní òwúrọ̀, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì ń kà á lórí. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí orin. Ohun tí mo bá jà ni àṣà kan tí ó ti wọ ilé-ìwé àwa Kristẹni, tí a sì ti fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀, èyí ni màgòmágó nínú ìdánwò.

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ bí ó ti ń rí. Bí ìdánwò WAEC bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a ó gba owó kan lọ́wọ́ àwọn òbí, a ó sì pè é ní owó ìrànlọ́wọ́. A ó fi se oúnjẹ fún alábòójútó, a ó sì ká ìyókù fún un nínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ tí ó ṣáájú àdúrà ní òwúrọ̀ yóò wọ inú yàrá, tí yóò sì kọ ìdáhùn sójú pátákó. Ní ilé-ìwé kan tí èmi kò ní dárúkọ, ọmọ kan ṣoṣo ni ó kọ̀ láti wo pátákó náà. Olùkọ́ rẹ̀ bá a wí pé agbéraga ni. Ẹ wo bí òkùnkùn ti ń bá ìmọ́lẹ̀ wí!

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé, bí a bá ṣe òtítọ́, àwọn ọmọ tiwa nìkan ni yóò kùnà, ọmọ ilé-ìwé kejì yóò sì wọ yunifásítì. Àròyé yìí wúwo, èmi kò fẹ́ fi ọwọ́ gbá a dànù, nítorí mo mọ òbí tí ó ta ilẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a da ìdáhùn kọ fún, kí ni yóò ṣe nígbà tí ó bá dé yunifásítì? Yóò tún wá ẹlòmíràn tí yóò kọ ọ́ fún un ni. Bí ó bá sì di nọ́ọ̀sì, ta ni yóò bá a ka orúkọ oògùn lóru? Jù gbogbo rẹ̀ lọ, olùkọ́ ìjọ ni ó kọ́ ọmọ náà ní olè, ní ọjọ́ ọ̀sán gangan.

Àwọn mìíràn a sọ ọ́ sí ìjọba lọ́rùn. Ìjọba kò ṣàì gbìyànjú: ní ọdún 1984, àwọn ológun ṣe òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó bá jí ìdánwò wò, ní ọdún 1999, a tún ṣe òmíràn tí ìyà rẹ̀ fúyẹ́ ju ti ìṣáájú lọ. Màgòmágó kò kú nípa èyíkéyìí nínú wọn. Bí a bá sì wí pé ìjọba ni ó bà á jẹ́ nígbà tí ó gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ ní àwọn ọdún 1970, kí ni a ó wí nípa àwọn ilé-ìwé tí ìjọ fi owó ara rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn náà, tí àrùn kan náà sì ti wọ àwọn kan nínú wọn?

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó tan iná náà ní Oǹdó. Charles Phillips, ọmọ katikísì Ìjàyè (ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀ nítorí iṣẹ́ wa), dé Oǹdó ní ọdún 1877. Ní ọdún 1886, nígbà tí ogun Kírìjì ti fẹ́rẹ̀ run ilẹ̀ Yorùbá, Moloney, Gómìnà Èkó, rán an lọ sí ibùdó Èkìtì Parapọ̀. Ó sì rán Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, sí Ọ̀yọ́ àti sí àwọn ará Ìbàdàn. Àwọn àlùfáà méjì yìí kò kó ọmọ ogun lẹ́yìn. Síbẹ̀, àwọn balógun tí kò tilẹ̀ ṣe ìsìn wọn fetí sí wọn, a sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọdún náà. Lójú tèmi, ìwà wọn ni ó sọ ọ̀rọ̀ wọn di ohun tí a lè gbà. Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Ọdún 1893 ni a tó fi Phillips jẹ bíṣọ́ọ̀bù; iṣẹ́ ti ṣáájú oyè.

Bí ẹ bá wí pé ti ayé àtijọ́ nìyẹn, ẹ wo Michael Adékúnlé Ajásin. Olùkọ́ ni, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Saint Andrew ní Ọ̀yọ́ ni ó ti kọ́ṣẹ́, ó sì ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ní Ọ̀wọ̀ kí ó tó di gómìnà ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1979 títí di òpin 1983. Àwọn ológun tì í mọ́lé, wọ́n tú ìṣirò rẹ̀ wò, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ kò sì rí owó ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ṣùgbọ́n mo ń bi àwa tí ń di chọ́ọ̀kì mú lónìí: bí a bá tú àpò tiwa wò lẹ́yìn ìdánwò, kí ni a ó bá níbẹ̀?

Ìdánwò yóò tún dé, owó ìrànlọ́wọ́ yóò sì tún máa rìn kiri. Ilé-ìwé ìjọ tí kò bá ní gbà á, kí ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá ní lẹ́tà gàdàgbà, kí òbí kà á kí ó tó san owó ilé-ìwé. Kí ó sì fi olùkọ́ méjì sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti kọ́ àwọn ọmọ tí ìṣirò le fún. Bí ọmọ mẹ́wàá bá kó jáde nítorí ìkọ̀wé náà, kí a sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìfẹ́, kí a sì padà wá kọ́ àwọn tí ó kù.