Ṣé Ògùn sàn ju Ọ̀yọ́ lọ lóòótọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn 9.83

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2020, àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, gbé èsì ìwádìí lórí òṣì jáde. Ẹni tí ohun tó ń ná lọ́dún kò tó ₦137,430 ni wọ́n kà sí tálákà. Wọ́n ní irú wọn jẹ́ 9.83 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́; 9.32 ní Ògùn, 8.52 ní Ọ̀ṣun.

Àgbẹ̀ kan ní Lágelú tàbí Ọ̀nà-Àrà lè béèrè pé ta ló wá bi òun. Ìbéèrè gidi ni. Ìdílé 22,110 péré ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ káàkiri Nàìjíríà, bíi 600 ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìyẹn nìkan kọ́ ni àléébù o. Ẹni tó fẹ́ ra gàrí lọ́jà Mọ́níyà kì í da gbogbo àpò sílẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá ó kan. Á bu díẹ̀ tọ́ wò. Àmọ́ tó bá tún bu ẹ̀kejì, adùn rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ká ní ìdílé 600 mìíràn ni NBS bá pàdé, kì í ṣe 9.83 gẹ́lẹ́ ni wọn ì bá rí.

Ìdí nìyí táwọn oníṣirò fi máa ń fi ààlà sí iye tí wọ́n bá rí. Tá a bá fi ìdílé 600 ṣírò ti Ọ̀yọ́ lọ́nà tó rọrùn jù, ààlà náà á bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 7.4 dé 12.2. Àdúgbò 60 ni wọ́n sì ti ṣa ìdílé mẹ́wàá mẹ́wàá, aládùúgbò sì máa ń jọra, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ààlà gan-an fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ṣe irú ìwádìí yìí nígbà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi 95 nínú ààlà tí wọ́n bá fà ló máa gbá iye tòótọ́ mú. Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú ààlà Ọ̀yọ́ pátápátá, ìyẹn ni pé ta ló ṣíwájú nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èsì yìí kò lè sọ ọ́. Ìròyìn tó bá ń to wọn bí ẹni to olùsáré ń tan aráàlú jẹ.

Èyí tó kan abúlé jù ni pé ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà l'Ọ́yọ̀ọ́. Pín 600 sí 33, ó kù bíi ìdílé 18 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè fi ìdílé 18 sọ bóyá Akínyẹlé tòṣì ju Ẹgbẹ́dá lọ. Kí ààlà tó lè dín sí ìdajì, ìdílé ìlọ́po mẹ́rin ni wọ́n gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀, owó ńlá sì nìyẹn.